Mítà Epo Ọkọ̀ Bàbá

Rewáyà fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé bàbá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, níṣojú àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kò jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní Bàbá kò gbàgbé láti ra epo, ojú Bàbá kò sì ṣú. Mítà epo tí òun tún ṣe ló ń parọ́, òun gan-an ló sì kọ́ ọ ní irọ́ náà.

Yàrá ìgbàlejò ni gbogbo wọn wà. Àpótí aṣọ Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, okùn ni wọ́n fi di í nítorí ṣíìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé apá òsì rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń gún lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn, lé orí ìrọ̀rí. Ọkọ Rewáyà ń wo ilẹ̀. Àǹtí Àgbà, àkọ́bí ilé, tó wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta kó lè wá mú ìyá rẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìyàwó," ó ní, kò sì gbé ohùn sókè, "yàrá yìí náà la jókòó sí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àga tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn lo jókòó lé. A bi ọ́ léèmejì, o ní kò sóhun tó ṣe mítà. Èwo wá ni ká mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ?"

"Ẹ mú tòní, Àǹtí. Ti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo rí ni mo sọ. Ibi tí mo ti wò ó ni kò dára."

"Àbí àánú Bàbá ló ṣe ọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè bá a jà fún ìbéèrè náà. Ilé iṣẹ́ omi ni Àǹtí Àgbà ń bá ṣiṣẹ́, òun ni olórí àwọn tó ń lọ ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé, ó sì ti gbọ́ oríṣiríṣi àwáwí táwọn ènìyàn máa ń sọ nípa mítà. Ẹni tó bá ní mítà ń parọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń parọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé délẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi wa ọkọ̀ èrò ọ̀nà jíjìn kó tó fẹ̀yìn tì. Kì-í-Gbẹ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé epo kò tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà rí, kódà lásìkò tí ilé epo mẹ́ta péré ń tà láàárín ìlú méjì. Nígbà tí kídìnrín Ìyá dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí dókítà sì ní kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá awakọ̀. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú rẹ̀ ló fi ń gbé aya rẹ̀ lọ ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, ogún kìlómítà ní àlọ, ogún ní àbọ̀. Á dúró sí ìta ilé ìwòsàn fún wákàtí mẹ́rin, á ka ìwé ìròyìn tán, á nu gíláàsì, á sì tún un nù.

Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ni dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ náà kú. Ọwọ́ tó ń fi eré hàn kò gbéra mọ́, iná inú rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Bàbá gbé e lọ. Iná ọkọ̀ ni obìnrin náà ń tún ṣe láti ọdún mọ́kànlá, Rewáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sí awakọ̀ tí Bàbá pàdé tí kò gbọ́ pé ìyàwó òun mọ iṣẹ́ ju àwọn ọkùnrin lọ. Rewáyà bá a wá dáṣíbọọ̀dù tòkunbọ̀ tó jáde lára irú ọkọ̀ kan náà, ó sì so ó mọ́ ọn ní ọ̀sán kan.

Gbogbo nǹkan ló ṣe déédéé àfi epo. Ó fa epo táǹkì tán, ó fi agolo ìwọ̀n da lítà mẹ́wàá padà sí i, ó ṣí iná: ọwọ́ mítà sùn sórí ìlà pupa, kò mira. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó fi ẹnu ṣíbí méjì gbé ọwọ́ mítà náà kúrò lórí ìdúró rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ padà síbi tó yẹ kó wà. Àádọ́ta lítà ni táǹkì ń gbà. Lítà mẹ́wàá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdá kan nínú márùn-ún ló tẹ̀ ẹ́ sí. Bàbá, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ náà kú níwájú ilé búrẹ́dì. Bàbá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ra lítà mẹ́wàá sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dà á sí i, ó gbé ọkọ̀ wá. Ó ní ìdá kan nínú márùn-ún ni ọwọ́ mítà wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Rewáyà wo mítà: ìdá kan nínú márùn-ún. Ó fa epo inú táǹkì, ó wọ̀n ọ́n: lítà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Ohun tí mítà wí ló wà nínú táǹkì. Ó rọra sọ fún Bàbá pé bóyá ọwọ́ tó ń fi gbígbóná ẹ́ńjìnnì hàn ló wò, wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ lórí afárá, ní Ọjọ́rú kan, nígbà tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò sí igi lórí afárá, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Ogójì ìṣẹ́jú ni obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi jókòó nínú oòrùn, kí onínúure kan tó gbé e délé. Nígbà tó máa délé, ètè rẹ̀ ti funfun. Bàbá tún sọ ohun kan náà: ìdá kan nínú márùn-ún. Rewáyà tún gbé ọkọ̀ wọ ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, ó tún wọn epo, mítà sì tún sọ òótọ́.

Bí wọ́n ṣe pe ìpàdé Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Àǹtí Àgbà bi Rewáyà bí onímọ̀, Rewáyà sì dáhùn bí onímọ̀: mítà kò ní àléébù. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí Bàbá náà sọ tirẹ̀, gbólóhùn kan péré ló sọ.

"Mítà tí ìyàwó mi ṣe kò lè parọ́."

Gbogbo wọn gbà á bí ìjẹ́wọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, òun ni yóò máa gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti gbé Ìyá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá yóò kó lọ sí ọ̀dọ̀ Àǹtí Àgbà, níbi tí ilé ìwòsàn kò ti ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Yàrá kan ló ṣẹ́kù nílé Àǹtí Àgbà, bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nìkan ló sì gbà. Bàbá yóò máa wọ bọ́ọ̀sì lọ kí aya rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ iye ọdún náà nípàdé.

Bíríkìlà ló tú àṣírí, kò sì mọ̀ pé òun tú nǹkan kan. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí, ó wá la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà Rewáyà. Kò-Dọ́gba ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ níbikíbi tó bá gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ sí nìyẹn. Ó wo ilẹ̀ kọnkéré náà láti ẹnu géètì títí dé ògiri ìsàlẹ̀, ó mi orí.

"Ọgbà yín yìí kò dọ́gba."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀," ni Rewáyà wí, orí rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀gá, kí ló tiẹ̀ dọ́gba lójú yín láyé yìí?"

"Orí mi." Bíríkìlà fọwọ́ pa orí rẹ̀ tí irun ti kúrò níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ń lọ sísàlẹ̀."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni."

"Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, tó bá yá, kò ní í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Kí ni igi yẹn ń ṣe níwájú táyà?"

Rewáyà gbé orí jáde. Igi wà níwájú táyà ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Ó wà níwájú táyà èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti èkẹta. Ọ̀gá rẹ̀, tó fi ọgbà náà sílẹ̀ fún un, ló kọ́ ọ pé ọkọ̀ kì í wọlé kí ènìyàn má fi igi dí i. Ó ti dí ọkọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú ọgbà yẹn, kò sì bi ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ni ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ń sá lọ ṣe.

Bíríkìlà kò dúró de ìdáhùn. Ó ṣa ọmọ bẹ́ríǹ kan, irin róbótó kékeré, lórí tábìlì iṣẹ́ Rewáyà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn. Ọmọ bẹ́ríǹ náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó yí, ó tún yí, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó lọ kan ògiri ìsàlẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà na rọ́bà tó mọ́ gaara, èyí tó máa ń bomi sí láti fi wo ilẹ̀, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà kan ni iwájú fi rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ó dín díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ibi tí omi òjò yóò gbà. Rewáyà kò gbọ́ ìyókù.

Táǹkì ọkọ̀ Bàbá ló ń rí lọ́kàn rẹ̀. Táǹkì náà kò jìn. Ó fẹ̀ lọ bí àwo ńlá. Fulóòtù, ike kékeré tó ń léfòó lójú epo tó sì ń sọ fún mítà iye tó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn táǹkì ló wà. Bí ọkọ̀ bá sì dorí kọ ìsàlẹ̀, lítà mẹ́wàá á ṣàn lọ síwájú, fulóòtù á jókòó sí ìdí táǹkì lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni fulóòtù wà lọ́jọ́ tí Rewáyà fi ṣíbí méjì yọ ọwọ́ mítà. Ó ti kọ́ mítà náà pé ìdí táǹkì ni lítà mẹ́wàá. Lójú títì tó tẹ́jú, ìdí táǹkì kì í ṣe lítà mẹ́wàá. Òfìfo ni. Ìgbàkígbà tí Bàbá bá sì wá fẹjọ́ mítà sùn, Rewáyà fúnra rẹ̀ ló máa ń yẹ ọkọ̀ náà wò níbi kan ṣoṣo láyé tí irọ́ yẹn ti jẹ́ òótọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn títì, ó yá rọ́bà bíríkìlà, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láìsọ ìdí, ó sì gbé ọkọ̀ Bàbá lọ sí pápá oníkọnkéré tí àwọn ọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ó wọn ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà mẹ́rin kó tó gbà pé ó tẹ́jú. Ó fa epo táǹkì títí tí afẹ́fẹ́ fi ń jáde lẹ́nu rọ́bà. Ó jókòó sí ipò awakọ̀, ó ṣí iná.

Táǹkì gbẹ táútáú. Ọwọ́ mítà ń tọ́ka sí lítà mẹ́wàá.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí Bàbá ń wò lórí afárá ló ń wò yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ bá Bàbá. Àgbàlagbà náà jókòó sí bárándà ẹ̀yìn ilé, ó ń to oògùn Ìyá sínú ike olójúlé méje, ojúlé kan fún ọjọ́ kan. Funfun méjì, òfeefèé kan, ìdajì èyí tó tóbi. Kò wo ìwé kankan. Rewáyà kúnlẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láti orí igi tó wà níwájú táyà títí dé pápá ilé ìwé. Bàbá kò dáwọ́ dúró títí tó fi dé ojúlé Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Kí lẹ mọ̀, Bàbá?"

"Pé epo ti ń tán. Bí táǹkì bá ti ń gbẹ, ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń fúyẹ́ tí ènìyàn bá ń yà ní kọ́nà. Ìdí mi ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ afárá, ìdí mi sọ fún mi. Mo wo mítà, mítà ní rárá."

"Kí ló dé tí ẹ ò yà sí ilé epo?"

"Ìwọ lo ṣe mítà." Ó de ojúlé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Gbogbo ayé ni mo ń sọ fún pé ìyàwó mi kì í ṣe àṣìṣe. Ṣé kí n wá gba ìdí mi gbọ́, kí n má gba ìyàwó mi gbọ́? Mo ní, ó yá, ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn."

Bàbá ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Ó ní kó tún mítà ṣe kó sì dákẹ́. Láti oṣù tó ń bọ̀ ni Àǹtí Àgbà fẹ́ máa darí àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ omi wá sí ọgbà rẹ̀. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Òun ti wa ọkọ̀ tó. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá Ìyá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, kí òun lè máa rán an létí oògùn òfeefèé, torí ó máa ń fẹ́ fo ìyẹn.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, Bàbá."

"Ọba wo ló wà níbí?" ni Bàbá wí, ó sì na ọwọ́ mú ike oògùn kejì.

Ọkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Bàbá nígbà tó gbọ́. Ó ní wọ́n lè dá kọ́kọ́rọ́ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ nǹkan kan. Rewáyà bi í pé kí ni wọ́n máa sọ fún Àǹtí Àgbà pé ó yí padà, ojú Bàbá ni tàbí ọpọlọ rẹ̀? Ọkọ rẹ̀ bọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà kúrò lára tirẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, takisí ni ọkọ rẹ̀ fi gbé Ìyá lọ sílé ìwòsàn, Rewáyà sì fi gbogbo ọjọ́ náà ṣiṣẹ́ ní pápá ilé ìwé. Ó tún ọwọ́ mítà yọ, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò gba ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kan ṣoṣo gbọ́. Ó ń da epo sí i ní lítà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sílẹ̀ ibi tí ọwọ́ mítà bá dé: lítà mẹ́ta kí fulóòtù tó gbéra, mẹ́fà lórí ìlà pupa, mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ó fà á jáde, ó tún un dà sí i. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó jáde wá ṣeré rí obìnrin kan tó ń ka lítà epo sókè lẹ́bàá mọ́tò, wọ́n sì ń bá a kà á títí aago fi lù.

Ìdí nìyẹn tí Rewáyà kò fi mikàn nígbà tí Àǹtí Àgbà béèrè bóyá àánú ló ṣe é.

"Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi," ó ní. "Ẹ bá Bàbá wọ ọkọ̀. Lítà mẹ́wàá péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wà á lọ títí tí ọwọ́ mítà yóò fi jókòó sórí ìlà pupa, kí ẹ wá yà sí ilé epo tó bá sún mọ́ yín jù, kí wọ́n rọ ọ́ kún títí tí ẹnu rọ́bà epo fi máa já fúnra rẹ̀. Lítà mẹ́fà ló ń kù nínú àádọ́ta níbi ìlà pupa, nítorí náà lítà mẹ́rìnlélógójì ló gbọ́dọ̀ gbà."

"Bí kò bá gba mẹ́rìnlélógójì ńkọ́?"

"Bó bá dín kan tàbí tó lé kan, mo gbà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lápá ibì kankan, mi ò mọ mítà tún ṣe. Kí ẹ gbé àpótí Ìyá sínú ọkọ̀ yín."

"Bí epo bá sì tán lójú ọ̀nà kó tó dé ìlà pupa?"

"Ẹ ó ti mọ èsì láìdé ilé epo nìyẹn."

Àǹtí Àgbà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń wo mítà tí wọ́n ti yí. Ó wá dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Rewáyà fi kún un pé bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ omi kò ní í wá mọ́, ohun tó yẹ ni. Àǹtí Àgbà ní ìyẹn dọjọ́ mìíràn.

Ọkọ Rewáyà gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan jáde láti ẹ̀yìn ilé. Bàbá rí i, ó dúró gbọnin.

"Kí nìyẹn?"

"Kí a má bàá…"

"Kì-í-Gbẹ kì í gbé kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání ti jẹ́wọ́."

"Bàbá, ẹ wọ ọkọ̀," ni Àǹtí Àgbà wí, ó sì gba kẹ́ẹ̀gì náà, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá wọlé. Ó tún àga ṣe, ó tún gíláàsì ìwòyìn ṣe, nítorí ọmọ rẹ̀ ga jù ú lọ, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọkọ̀ rọra jáde ní géètì.

Ọkọ Rewáyà dúró sẹ́nu géètì, Ìyá àti Rewáyà nìkan ló kù sí yàrá. Ike oògùn olójúlé méje wà lórí àpótí aṣọ, ojúlé Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti ṣófo, mẹ́fà yòókù kún. Ìyá ní kí Rewáyà gbé àpótí náà sún mọ́ òun, kó bá òun tú okùn ara rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná."

"Mo ní kí o tú okùn, mi ò ní kí o kó aṣọ jáde. Oògùn ojú mi wà nínú rẹ̀."

Rewáyà tú u. Wọ́n so ó le, eyín ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá kán oògùn sí ojú ọ̀tún, ó kán an sí òsì, ó gbé orí sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní yàrá tí àkọ́bí òun tọ́jú sílẹ̀ dára, ó ní fèrèsé, òun ti rí i nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹnì kan wà tó máa ń dín eré kù tó bá dé ibi tí títì ti bàjẹ́, láìjẹ́ pé òun sọ. Kò dé ìgò oògùn náà padà. Ó mú un dání.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn tí wọ́n jáde, fóònù Rewáyà dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí Ìyá náà lè máa gbọ́, ó gbé e sórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike oògùn.

Ariwo ẹ̀rọ epo ló kọ́kọ́ wọlé, kó tó kan ohùn Àǹtí Àgbà. Ó ní ọwọ́ mítà jókòó sórí ìlà pupa ní kété tí wọ́n kọjá ilé búrẹ́dì. Bàbá ti sọ ọ́ ṣáájú kí mítà tó sọ ọ́, ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fúyẹ́. Àwọn ti wà nílé epo, rọ́bà ti wà lẹ́nu táǹkì, Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Mélòó ló wà lójú ẹ̀rọ, Àǹtí?"

"Méjìdínlógójì. Ó ń lọ."

Ìyá na ọwọ́ ọ̀tún, ó di okùn tó wà lórí àpótí mú. Kò fà á, kò sì jù ú sílẹ̀. Láti inú fóònù, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ náà tó ń mí lọ́nà kan náà, wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ mìíràn tó wọlé, wọ́n sì gbọ́ Bàbá tó ń sọ fún ẹni tó ń ta epo pé kó má fọwọ́ kan rọ́bà, kó jẹ́ kó já fúnra rẹ̀.

"Ó ti kọjá ogójì," ni Àǹtí Àgbà wí. "Kò tíì dúró."